Káàdì Igbó Ìwòsàn: Èló Ló Máa Ná Yín Gan-an?

  

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláámù, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí. Lédè wa, ẹni tó bá gbọ́ "igbó" kì í ronú kan oògùn. Abẹ́ bíríìjì ló máa ń rò, àti gáréèjì, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sunkún lé lórí. "Amugbó" kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kí wọ́n pe òun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Alhájà kan nínú asàlátù wa ní New Jersey níbí fẹ́ bá mi sọ ọ̀rọ̀ káàdì igbó, inú mọ́tò mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní kí n yí gíláàsì sókè.

Alhájà yìí ti lé ní ẹni 70 ọdún. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ń tọ́jú. Bí wọ́n bá ti gba oògùn kẹ́mò tán, èébì á mú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ ò ní wọlé, omi pàápàá á di ìjà. Ọmọ wọn obìnrin wá rí ìpolówó kan lórí fóònù: $49 péré ni káàdì igbó ìwòsàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kò ní kúrò lórí àga yín. Wọ́n pe nọ́ńbà náà. Dókítà kan yọjú lórí fóònù, ó béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ó béèrè bóyá ara ń ro wọ́n, ó ní ó dáa, ó lọ. Kò béèrè oògùn tí màmá ń lò. Kò béèrè ẹni tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ wọn. Kí wọ́n tó parí, $49 ti di $189: owó ìforúkọsílẹ̀, owó fáìlì, owó pé àwọn á bá wọn kọ fọ́ọ̀mù ìjọba. Bẹ́ẹ̀, káàdì orí fóònù tí ìjọba New Jersey ń fún aláìsàn, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí à ń fọwọ́ mú, $10 ni.

Ìbéèrè tí wọ́n ní fún mi kò le. "Ọmọ mi, ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé kò síbi tó dínwó ju èyí lọ? Wọ́n ní ọdọọdún ni a óò máa san án."

Mo ní ó wà. Àmọ́ mo bi wọ́n pé, "Ìyá, ìwé yín ńkọ́?"

Gíríìnì káàdì ni wọ́n ní. Ọmọ wọn ló bá wọn gbà á, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù láti di ọmọ Amẹ́ríkà. Àyà mi já. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń béèrè iye tí wọ́n ń ta káàdì yìí, àwọn tó ń béèrè iye tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un sápò kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Kì í ṣe ìwé oògùn bí èyí tí dókítà ń kọ fún wa lọ sí ilé oògùn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí dókítà kọ igbó fún aláìsàn bí ẹni kọ oògùn ibà. Nígbà tí àwọn ará California dìbò lọ́dún 1996 pé kí aláìsàn lè máa lò ó, ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni pé dókítà yóò kàn sọ pé lójú tòun, ó lè ran ẹni yìí lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fìyà jẹ àwọn dókítà tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 2002 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní kò tọ́, pé ìmọ̀ràn ni dókítà gbà á, kì í ṣe oògùn ló kọ. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé California, oníkálukú pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ ló ni káàdì yìí, ìpínlẹ̀ náà ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá tirẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

Ní ti owó, èyí tí ìjọba ń gbà kọ́ ló ń pa wá. Ní New York, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn láti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ń gba $50 tẹ́lẹ̀, òfin ọdún 2021 ló fagi lé e. Pennsylvania ń gba $50 lọ́dún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lórí Medicaid, tàbí tó ń gba owó oúnjẹ SNAP tàbí WIC, lè rí ẹ̀dínwó gbà bó bá béèrè. Florida ń gba $75 lọ́dọọdún. Ní California, káàdì ìjọba kì í tilẹ̀ ṣe dandan, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju $100 lọ, ìdajì ni ẹni tó wà lórí Medi-Cal ń san. Texas ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ mọ bí àwọn ará wa ṣe pọ̀ tó ní Houston. Ní Texas, kò sí káàdì rárá. Dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni yóò tẹ orúkọ aláìsàn sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba lórí kọ̀ǹpútà, ilé ìtajà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ó parí. Ẹni tó bá ta "káàdì igbó Texas" fún yín, páálí ló tà fún yín. Mo ti rí ọ̀kan. Wọ́n fi ròbà bò ó dáadáa, ó ń dán, ó tilẹ̀ ní àwòrán ìràwọ̀ kan lórí.

Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń buwọ́ lùwé ni owó ń gbà lọ. Àwọn tí mo mọ̀ ti san láti $50 dé $200, ó sì ń di sísan lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ìwé bá parí. Ìnṣọ́ránsì kì í sábà dá sí i, kò sì sí èyí tó máa san owó igbó fúnra rẹ̀ nílé ìtajà, Medicare àti Medicaid kò sí níbẹ̀. Ibi tí ẹ ti lè gbà dín in kù ni pé kí ẹ kọ́kọ́ bi dókítà tó ń tọ́jú yín tẹ́lẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní káàdì sábà máa ń ní orúkọ àwọn dókítà tó lè buwọ́ lùwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá dókítà jẹjẹrẹ yín, tàbí dókítà ìrora, wà níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ó lè ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ rí i tẹ́lẹ̀ náà, láìsí ìpàdé mìíràn tí ẹ óò san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kò bá sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá kí ẹ tó mú káàdì báǹkì jáde: èló ni gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí mo máa san nígbà ìsọdọ̀tun? Bí ẹ bá ní àìsàn mi kò yẹ fún un, ṣé ẹ óò dá owó mi padà? Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ ká lórí ìbéèrè méjì yìí, ẹ pa fóònù dé. Ní ti fọ́ọ̀mù ìjọba, ẹ má san dọ́là kan fún ẹni tó ní òun á bá yín kọ ọ́. Ọmọ yín tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè kọ ọ́ kí omi iyán tó hó.

Ìṣirò kan tún wà tí ìpolówó kì í ṣe fún yín. Ní New Jersey, bíi ti New York àti California, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè ra igbó láìsí káàdì kankan. Èrè pàtàkì tí káàdì ní nígbà náà ni owó orí: láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2022, aláìsàn tó ní káàdì kì í san owó orí ọjà ní New Jersey, ẹni tí kò ní í sì ń san 6.625 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlú mìíràn sì lè fi 2 lé e. Ẹni tó bá ń ra ọjà $100 lóṣù, owó tí káàdì bá a dá sí lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bí $80, bó bá pọ̀ jù, $104. Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ $189. Àwọn ilé ìtajà kan ń dínwó díẹ̀ fún oníkáàdì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ ìṣirò náà pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ẹ rí i ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á gbàgbé káàdì, kí á lọ rà á lásán bí ẹni ra búrẹ́dì. Èmi kò ní gba Mùsùlùmí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Èmi kì í ṣe ààfáà, ẹ bi lèmọ́mù yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka gbogbo ohun tó ń pani bí ọtí sí haràámù, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ó ní kí á máa wá ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ewé yìí kì í ṣe tuntun fún àwọn onímọ̀. Ìmáàmù Al-Qarafi, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ojú ọ̀nà Málíkì tí àwọn bàbá wa ń tọ̀, tó kú ní 684 Hijira (1285), sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Al-Furūq. Ó kà á mọ́ ohun tó ń ba làákàyè jẹ́, kò gbà kí á máa lò ó, ṣùgbọ́n kò kà á sí nájísì bí ọtí: lójú tirẹ̀, ìrun ẹni tó bá wà lápò rẹ̀ kò bàjẹ́. Ibn Taymiyyah, tó kú ní 728 (1328), le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú tí ó fi ń wo ọtí ló fi wò ó. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ààfáà tó fàyè sílẹ̀ fún aláìsàn ń gbé e ka orí darúrà, ìyẹn ìnira tó ti di dandan. Wọ́n ní kí àìsàn náà jẹ́ òótọ́, kí oògùn hàláàlì tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ má sí, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìṣègùn tí a sì fọkàn tán ló sọ ọ́, kí aláìsàn má sì kọjá ìwọ̀n tó nílò.

Ẹ wo ipò tí dókítà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Dókítà tí kò béèrè oògùn tí màmá ń lò, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá oògùn mìíràn kò lè ṣe é? Ìbuwọ́lùwé oníṣẹ́jú mẹ́ta lè tó fún ìjọba ìpínlẹ̀. Ṣé ó tó fún ẹni tó máa dúró níwájú Ọlọ́hun kó sọ pé dandan ló mú òun? Nítorí náà, nígbà tí mo ń sọ pé kí ẹ lọ bá dókítà tó mọ̀ yín, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Ohun tó dínwó jù nínú ìpolówó, òun gan-an ni kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wa.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ìpínlẹ̀ ló ni káàdì. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí nìyẹn.

Ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń fúnni ní gíríìnì káàdì. Ìjọba àpapọ̀ ni. Lójú ìjọba àpapọ̀, òfin ṣì de igbó, bí dókítà mẹ́wàá tilẹ̀ buwọ́ lù ú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2019, àjọ USCIS tó ń rí sí ìwé ìgbélùú gbé ìlànà jáde. Wọ́n ní ẹni tó lo igbó, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nídìí òwò igbó, lè má yege nínú "ìwà rere" tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, bí ìpínlẹ̀ tó ń gbé tilẹ̀ ti sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kò dìgbà tí ọlọ́pàá bá mú ọ. Kò dìgbà tí o bá dé ilé ẹjọ́. Bí o bá fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ níwájú òṣìṣẹ́ wọn, ó lè tó. Ìbéèrè nípa igbó àti àwọn ohun bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá sọ òótọ́, ìwé rẹ̀ lè dúró. Ẹni tó bá parọ́ lẹ́yìn tó ti búra, ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọ̀daràn ni lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì, tó lọ sí Úmúrà tàbí tó lọ kí ilé, lè bá irú ìbéèrè kan náà pàdé ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tó bá ń wọlé padà. Àwọn aṣọ́bodè lágbára láti wo inú fóònù rẹ̀, inú fóònù yẹn sì ni káàdì ọ̀fẹ́ wà.

Ìpolówó $49 kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì rí ọ̀kan tó béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni. Ìwé tí àwa ará wa fi ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá, tí a fi owó ilé san lọ́yà lé lórí, ni súìtì $30 lè gbé sínú ewu. Ìmọ̀ràn mi kò ní àbùlà: bí ẹ kò bá tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ má forúkọ sílẹ̀, ẹ má rà á, ẹ má tọ́ ọ wò, títí ẹ óò fi rí lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú. Bí ẹ bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, ẹ má mú un rìn, ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook, ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó rí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà nílé ìtajà igbó nítorí pé wákàtí wọn dáa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú, bí ẹ ò tilẹ̀ fi kan ẹnu rí.

Ọmọ Amẹ́ríkà pàápàá kò bọ́ pátápátá. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé, bí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá rí igbó lára rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò gba káàdì ní àwáwí. Ẹni tó ń gbé ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń bá a san owó rẹ̀ lè pàdánù ilé. Àwọn ará wa tó ń ṣe iṣẹ́ ṣọ́jà ilé ìtajà pẹ̀lú ìbọn, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìbọn kò bá káàdì igbó rẹ́.

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí aláìsàn máa jẹ̀rora? Rárá o. Èmi náà ti di bọ́ọ̀lì èébì mú fún ẹni tó ń gba kẹ́mò, mo mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé oògùn kan wà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Dronabinol ni wọ́n ń pè é. Èròjà THC kan náà tó wà nínú igbó ni, ilé iṣẹ́ oògùn ló ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ wà lára páálí rẹ̀. Láti ọdún 1985 ni ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i fún èébì kẹ́mò tí àwọn oògùn mìíràn kò ká. Dókítà ló ń kọ ọ́, ilé oògùn gidi ni à ń gbà á, ìnṣọ́ránsì sábà máa ń san lára rẹ̀. Kò nílò káàdì. Ẹni tó bá ní ìwé dókítà fún un kò rú òfin ìjọba àpapọ̀. Fún àwọn ọmọdé tó ní irú wárápá kan tó le gan-an, Epidiolex wà láti ọdún 2018, inú ewé igbó náà ni wọ́n ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í pani bí ọtí. N kò sọ pé wọn kò ní àléébù. Dronabinol lè mú ojú pooyì, nítorí náà ọ̀rọ̀ darúrà ṣì wà níbẹ̀. Gẹ́látìn ni wọ́n fi ń ṣe awọ kápúsù rẹ̀, ọtí díẹ̀ sì wà nínú Epidiolex. Ẹ bi apòògùn, ẹ bi lèmọ́mù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi dókítà nípa rẹ̀ kí ẹ tó wá káàdì kankan lọ.

Kí á sì má fi ẹnu tà ju bó ṣe jẹ́ lọ. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ tí àjọ National Academies kó jọ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní ẹ̀rí tó lágbára wà pé ó ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́ lórí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, lórí èébì kẹ́mò, àti lórí iṣan líle ti àwọn tó ní àrùn MS. Pé ó ń wo jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ sàn, pé ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà lọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni.

Nítorí pé ojú ewé ìmọ́tótó lèyí, mo ní láti sọ ti inú ilé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dandan bá dé bá, tí ìwé rẹ̀ sì pé, kó má fa èéfín rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró kò mọ èéfín ìwòsàn yàtọ̀ sí èéfín sìgá. Àwọn ọmọ tó wà nínú ilé á fà á pẹ̀lú rẹ̀, aṣọ ìrun á gba òórùn rẹ̀. Ànábì wa kò fẹ́ kí ẹni tó jẹ aáyù wá fi òórùn rẹ̀ ni àwọn olùkírun lára nínú mọ́sálásí, ẹ wá ronú nípa ti igbó. Àwọn èyí tó jẹ́ súìtì, gẹ́látìn ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú wọn, èyí tó jẹ́ omi tí à ń kán sábẹ́ ahọ́n lè jẹ́ pé ọtí ni wọ́n fi pò ó. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀. Súìtì yìí kì í tètè ṣiṣẹ́. Ó lè tó wákàtí méjì, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbàlagbà ti máa ń ṣi ìwọ̀n, wọ́n á ní òun kò rí nǹkan kan, wọ́n á fi ọ̀kan lé e, nígbà tó bá dé wọ́n á ṣubú ní balùwẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Ẹni tó ń lo wárífárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí èròjà inú igbó lè mú kí oògùn yẹn le jù. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ pé súìtì màmá àgbà kì í ṣe súìtì.

Ẹ yẹ báàgì yín wò kí ẹ tó lọ sí Hájì. Ní Saudi Arabia, wọ́n ti pa ènìyàn nítorí ọ̀ràn oògùn olóró, kò sí ẹni tí káàdì New Jersey máa gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni Nàìjíríà: ẹ má fi ránṣẹ́ sí bàbá yín tí làkúrègbé ń bá jà n'Ílọrin. Òfin NDLEA ní ẹ̀wọ̀n gbére nínú fún ẹni tó bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ̀lú, bàbá ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ wá kàn.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa ni pé kí á yéé fi ìtìjú lé àwọn aláìsàn wa sọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lórí fóònù. Bí Alhájà bá lè sọ̀rọ̀ yìí nínú asàlátù láìsí pé ẹnì kan ń fojú sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn, wọn kò ní san $189. A ní nọ́ọ̀sì nínú ìjọ wa, a ní apòògùn, a ní lọ́yà. Kí àwọn mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí lèmọ́mù sì kéde rẹ̀ láti orí mínbárì pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

Mo tẹ̀lé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn nígbà tó yí ká. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu pé èébì ṣì ń mú wọn, nítorí gbogbo ìgbà tó bá ti béèrè ni wọ́n ń dá a lóhùn pé "Àlùhámdúlílàhì, mo wà dáadáa." Ó yí oògùn èébì wọn padà. Nígbà tí ìyẹn kò ṣe é tán, ó kọ dronabinol fún wọn, ìnṣọ́ránsì san. Èébì kò lọ pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, wọ́n sì ti ń wá sí asàlátù. Wọn kò ì tíì fi káàdì yẹn ra nǹkan kan, mo dúpẹ́. Lọ́yà ti rí wọn, fọ́ọ̀mù wọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wọn pe nọ́ńbà $49 náà pé kí wọ́n dá owó àwọn padà. Wọn kò gbé ìpè náà títí di òní.